Ta Ló Ni Afárá Tí À Ń Gbà Kọjá?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa nínú bọ́ọ̀sì, ẹ kú ìrìn o. Ẹ̀yin tí dátà kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohùn wa, tó jẹ́ pé ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù yín, ẹ kú ìjókòó. Òfin, níbí ní Ṣàgámù, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè tòní rọrùn láti béèrè: ṣé ẹnì kan lè ni afárá? Mi ò sọ ìjọba o. Mò ń sọ èèyàn bíi tèmi tìrẹ, tí yóò ni afárá lórí odò bí èèyàn ṣe ń ni ilé, tí yóò fi òṣìṣẹ́ sí ẹnu rẹ̀, tí gbogbo ọkọ̀ tó bá fẹ́ sọdá yóò máa sanwó fún un, tí yóò sì tún lè tà á lọ́jọ́ tó bá wù ú.

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe. Irú afárá bẹ́ẹ̀ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti lé ní 250 ọdún tí wọ́n ti ń gbowó níbẹ̀, wọ́n sì ń gbà á títí di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. A máa dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó kan àwa tí a wà nílé.

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní Ṣàgámù pé Èkó lẹ̀ ń lọ, ẹ máa gba orí afárá tó wà ní Kárà, níbi ọjà màlúù yẹn, kọjá odò Ògùn. Kò sí ẹni tó ń dá yín dúró níbẹ̀ pé ẹ mówó wá, àfi gosíló. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà látilẹ̀. 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ó gùn tó kìlómítà 127, wọ́n sì kọ́ géètì tí wọ́n ti ń gbowó sórí rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ 2004 ni ìjọba Ọbásanjọ́ fòpin sí owó gbígbà ní àwọn géètì ìjọba àpapọ̀. Géètì ti lọ, orúkọ kò lọ. Títí dòní, bí kọ́ńdọ́ bá ń pe èrò ní Ìbàdàn tàbí ní Ọ̀tà, ẹ máa gbọ́ "Tóòlù géètì wọlé!" Ọ̀pọ̀ àwa tí a ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ kò sanwó kankan rí, torí ọmọdé la wà nígbà tí wọ́n wó o.

Ẹ wò ó, owó géètì tún ti ń padà bọ̀. Ní 2021 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tuntun fún gbígba owó lórí àwọn ọ̀nà àti afárá rẹ̀. Ní 2025 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lójú ọ̀nà Kẹ́fí sí Makurdi. Bó ti wù kó pẹ́ tó, ọ̀rọ̀ náà máa kan ẹni tó ń gba Ṣàgámù kọjá. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká mọ ohun tí a máa béèrè kí géètì tó dúró, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti dúró tán.

Oníbodè kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òyìnbó ló kó owó géètì dé. Àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n ń pe ibẹ̀ ní bodè, wọ́n sì ń pe ẹni tó jókòó síbẹ̀ ní oníbodè. Bí oníṣòwò bá gbẹ́rù dé, yóò san owó ẹyọ kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé tàbí kó kọjá.

Ẹ wo ibi tí Rẹ́mọ wà lórí máàpù, ohun tí mò ń sọ máa yé yín. Ọ̀sà wà nísàlẹ̀, Ìkòròdú sì wà létí rẹ̀. Ìbàdàn wà lókè. Ẹni tó bá fẹ́ kó epo pupa láti òkè wá fún àwọn oníṣòwò Èkó, tàbí tó fẹ́ kó iyọ̀, aṣọ àti ìbọn láti Èkó lọ sókè, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ wà láàárín rẹ̀ àti ibi tó ń lọ. Ó lè gba ọ̀nà Ẹ̀gbá, ṣùgbọ́n àwọn Ẹ̀gbá náà ní bodè tiwọn. Nítorí náà, ọ̀nà fúnra rẹ̀ jẹ́ ọrọ̀. Ìlú tó bá di ọ̀nà mú, ó di owó mú, ó tún di agbára mú, torí pé ó lè sọ ẹni tí ìbọn máa dé ọwọ́ rẹ̀ àti ẹni tí kò ní dé ọwọ́ rẹ̀ nígbà ogun.

Àwọn ọdún yẹn kì í ṣe ọdún eré. Ní nǹkan bí 1872 ni àwọn ìlú bíi Òfin, Mákùn àti àwọn yòókù kó ara wọn jọ sójú kan nítorí ààbò, tó di ohun tí à ń pè ní Ṣàgámù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń béèrè lọ́wọ́ mi ìdí tí Ṣàgámù fi ní ọba tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìdáhùn nìyẹn: ìlú ni wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó di àdúgbò. Òfin níbí ni ààfin Akárígbò wà. Láti 1877 títí dé 1893, ogun Kírìjì ń lọ lọ́wọ́ lókè, Ìbàdàn ń wá ìbọn àti ẹ̀tù, Ìjẹ̀bú sì lè ti ọ̀nà nígbàkígbà.

Àwọn oníṣòwò Èkó kò fẹ́ràn èyí rárá. Bí ọ̀nà bá tì, epo kò ní dé èbúté, ọkọ̀ òkun á dúró lásán. Ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ ń jẹun lára owó tó ń gbà lórí ẹrù tó ń wọlé ní èbúté, nítorí náà bí òwò bá dúró, àpò ìjọba náà gbẹ. Ẹ kíyè sí i: ẹni tó ń bínú sí oníbodè, oníbodè lòun náà. Etí òkun ni bodè tirẹ̀ wà, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ní January 1892, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú bá Gómìnà Carter ṣe àdéhùn ní Èkó. Ìjẹ̀bú máa ṣí ọ̀nà, wọn ò ní gba owó bodè mọ́. Kí ni wọ́n máa rí gbà dípò rẹ̀? £500 lọ́dọọdún láti ọwọ́ ìjọba Èkó.

Ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ohun tí àdéhùn yẹn ń sọ ni pé bodè jẹ́ ohun ìní. Ó ní olówó, ó ní iye, ẹlòmíràn sì lè sanwó kí ọ̀nà lè di ọ̀fẹ́ fún gbogbo èèyàn. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín, torí a máa tún pàdé rẹ̀ ní Lẹ́kkí.

Àdéhùn náà kò pẹ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n kọ̀ kí míṣọ́nnárì kan kọjá ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì sọ pé àdéhùn ti bàjẹ́. Ní May 1892 wọ́n kó ogun wá. Ìjẹ̀bú dúró dè wọ́n létí odò Yẹmọjí, wọ́n jà gan-an, ṣùgbọ́n ìbọn tó ń yọ ọta léraléra kì í ṣe ẹgbẹ́ ìbọn ìbílẹ̀. Wọ́n wọ Ìjẹ̀bú Òde. Ní 1894 Akárígbò Oyèbájò fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Èkó, Rẹ́mọ sì bọ́ sábẹ́ ààbò wọn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe pé owó bodè burú. Owó yẹn ló ń gbọ́ bùkátà ìlú. Ohun tó burú ni pé kò sí ibi tí àwọn méjèèjì ti jọ gbà pé báyìí ni a ṣe máa ṣe é: iye tí wọ́n máa gbà, ẹni tí kò ní san, ẹni tó lè ti ọ̀nà àti ìdí tó fi lè tì í, àti ilé ẹjọ́ tí a máa lọ bí ìjà bá dé. Nígbà tí ìjà dé, ìbọn ló parí rẹ̀.

Afárá tí ẹnì kan ni

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ká lọ wo ibi tí wọ́n ti kọ ohun gbogbo sílẹ̀, ká sì wò ó bóyá kíkọ sílẹ̀ yẹn tó.

Odò Thames tí ẹ mọ̀ pé ó gba àárín London kọjá, òkè lọ́hùn-ún ló ti ń ṣàn bọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Oxford. Nítòsí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Eynsham, afárá olókùúta kan wà tó ń jẹ́ Swinford. Kí wọ́n tó kọ́ ọ, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn sọdá. Bí odò bá kún, wàhálà dé.

Ìjòyè kan, Earl ti Abingdon, ló fẹ́ kọ́ afárá. Ṣùgbọ́n ta ló máa kó owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sínú odò bí kò bá ní rí i gbà padà? Ní 1767, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan fún un. Ní 1769, wọ́n ṣí afárá náà.

Òfin yẹn lágbára. Ó sọ pé owó tí wọ́n bá ń gbà níbẹ̀ jẹ́ ti ìjòyè náà, ti àrólé rẹ̀, àti ti ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tà á fún, títí láé. Ó sọ pé ìjọba kò gbọdọ̀ gba owó orí lára rẹ̀. Ó tún sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ afárá mìíràn láàárín máìlì 3 sí òkè odò tàbí sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé bí o bá bínú sí olówó afárá, o ò lè lọ kọ́ tìrẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Ẹ ń rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á ti pa àwọn èèyàn láyà, pé iye tó bá wù ú ló máa gbà. Rárá o. Òfin kan náà tó fún un ní gbogbo èyí ló tún dè é lọ́wọ́: iye tó lè gbà wà nínú òfin. Kò lè jí lọ́jọ́ kan kó ní ohun gbogbo ti wọ́n, kó sì fi kún un. Bó bá fẹ́ fi kún un, ó gbọ́dọ̀ lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìjọba, kó sì ṣàlàyé ara rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé pẹ́nsì 5 péré ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń san níbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Pẹ́nsì 100 ló wà nínú pọ́n-ùn kan, nítorí náà ọkọ̀ 20 ló máa kọjá kí olówó afárá tó rí pọ́n-ùn kan ṣoṣo. Ọkọ̀ akẹ́rù ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó gun alùpùpù kì í san nǹkan kan.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ní December 2009 wọ́n gbé afárá náà lọ sí gbàǹjo. Gbàǹjo gan-an o, bí wọ́n ṣe ń ta ọkọ̀ àlòkù. Ẹnì kan rà á ní £1.08 mílíọ̀nù. Nígbà náà, ọkọ̀ tó ń gbà á kọjá lọ́dún sún mọ́ mílíọ̀nù 4, owó tó ń wọlé sì tó nǹkan bí £195,000 lọ́dún. Ẹ pín £1.08 mílíọ̀nù sí £195,000, ẹ máa rí i pé láàárín ọdún 5 àbọ̀, owó tó wọlé ti tó iye tí ó fi rà á, bí a kò bá yọ owó òṣìṣẹ́ àti owó àtúnṣe kúrò. Owó orí kò sì sí lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Eynsham kò ha dúpẹ́ pé pẹ́nsì 5 ni? Wọn ò dúpẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ti ń bẹ̀bẹ̀ láti ọdún pípẹ́ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ wọn, kí wọ́n yé gbà á. Kì í ṣe nítorí pẹ́nsì 5. Nítorí ìlà ọkọ̀ ni. Gbogbo ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ dúró, awakọ̀ á yí gíláàsì sílẹ̀, á na ọwọ́, òṣìṣẹ́ á gbà á, ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn á sún díẹ̀. Ká ní ọkọ̀ 10,000 ló kọjá lóòjọ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì pàdánù ìṣẹ́jú 1 péré. Wákàtí tó lé ní 160 nìyẹn lóòjọ́ kan, tí gbogbo èèyàn jọ sọnù sínú ìlà nítorí owó tí kò ra bọ́tà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó nínú gosíló Bẹ́gà ní ìrọ̀lẹ́ Friday mọ ohun tí mò ń sọ.

Nítorí náà, owó géètì ní iye méjì. Èkíní ni èyí tí wọ́n kọ sára pátákó. Èkejì ni àkókò rẹ, tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sára pátákó.

Kí ló dé tí ìjọba ibẹ̀ kò kàn gba afárá náà lọ́wọ́ olówó rẹ̀? Torí pé òfin 1767 yẹn ṣì wà. Bí wọ́n bá fẹ́ kó di ọ̀fẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ san owó fún ẹni tó ni ín, kí òfin mìíràn sì rọ́pò ti àkọ́kọ́. Àwọn tó jókòó nílé ìgbìmọ̀ ní 1767 ti kú tipẹ́tipẹ́. Kò sí èyí tó rí mọ́tò rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n kọ sílẹ̀, "títí láé", ló ṣì ń dá ọkọ̀ dúró lónìí.

Ẹ padà wálé, ká dé Lẹ́kkí

Ẹ̀yin ará Èkó ti ń retí kí n dé ibí yìí.

Ní 2006 ìjọba Èkó bá ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Lekki Concession Company, tí gbogbo èèyàn ń pè ní LCC, ṣe àdéhùn ọlọ́dún 30 lórí ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́. Ilé-iṣẹ́ yẹn máa wá owó, á tún ọ̀nà ṣe, á gba owó lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ títí ọdún á fi pé, lẹ́yìn náà á dá ọ̀nà padà fún ìjọba. Ẹ rí i pé ó yàtọ̀ sí Swinford: ọdún 30 ni, kì í ṣe títí láé. Ní December 2011 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó ní géètì àkọ́kọ́. Àwọn èèyàn fi ẹ̀hónú hàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń sọ ni pé ọ̀nà yìí ti wà nílẹ̀ tipẹ́, kí ló dé tí a fi máa sanwó lórí ohun tí a ti ń lò?

Ẹ rántí £500 ti 1892? Ní 2013 ìjọba Èkó kéde pé òun máa ra ẹ̀tọ́ yẹn padà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ohun kan náà ni. Nígbà tí owó bodè bá di ìjà, ẹnì kan á sanwó kí ẹ̀tọ́ náà lè kúrò lọ́wọ́ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ní Lẹ́kkí, owó géètì kò kásẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba rà á. Ẹni tó ni ín ló yí padà, géètì dúró síbẹ̀.

Ní ọdún kan náà, ní May 29, 2013, wọ́n ṣí afárá Lẹ́kkí sí Ìkòyí, èyí tí gbogbo yín ti ya fọ́tò lórí rẹ̀. Julius Berger ló kọ́ ọ, ó gùn tó kìlómítà 1.36. Owó ìjọba ni wọ́n fi kọ́ ọ, síbẹ̀ wọ́n fi géètì sí i. Ní March 2014, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ kan ní Èkó sọ pé kò sí òfin tó ti owó gbígbà yẹn lẹ́yìn. Agbẹjọ́rò Ẹ̀bùn-Olú Adégbòrúwà ló gbé ẹjọ́ náà lọ. Ìjọba Èkó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n sì ń gba owó lọ.

Ohun tó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n níbẹ̀ ni ìbéèrè tí ilé ẹjọ́ yẹn béèrè. Kò béèrè bóyá owó náà pọ̀ jù. Òfin wo ni ẹ fi ń gbà á, ìyẹn ló béèrè. Ní Swinford, wọ́n ti kọ òfin ní ọdún 2 ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, afárá ti dúró, géètì ti dúró, a ti ń sanwó, kí a tó dé iwájú adájọ́ láti wádìí òfin.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní October 20, 2020, ní géètì Lẹ́kkí, nígbà tí àwọn ọmọ ogun yìnbọn níbi tí àwọn ọ̀dọ́ EndSARS jókòó sí, gbogbo yín mọ̀ ọ́n, mi ò ní sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìtàn lásán. Ó tó kí n sọ pé owó gbígbà dúró lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, àti pé ní 2022 ni wọ́n padà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lórí afárá Lẹ́kkí sí Ìkòyí.

Kárà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan

Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, ẹ má rò pé ti Èkó nìkan ni. Ní May 2009, ìjọba àpapọ̀ gbé gbogbo ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lé Bi-Courtney lọ́wọ́ fún ọdún 25. Iye iṣẹ́ náà jẹ́ ₦89.5 bílíọ̀nù. Ilé-iṣẹ́ yẹn ló máa tún un ṣe, òun ló sì máa gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwa tí a ń gba ibẹ̀. Afárá Kárà wà nínú rẹ̀, oríta Ṣàgámù wà nínú rẹ̀. Ní November 2012 ìjọba fagi lé àdéhùn náà, wọ́n ní iṣẹ́ kò lọ bó ṣe yẹ. Ilé-iṣẹ́ náà kò fara mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún Julius Berger láti Èkó dé oríta Ṣàgámù, àti RCC láti Ṣàgámù dé Ìbàdàn, pé owó ìjọba ni wọ́n máa fi ṣe é.

Bí àdéhùn 2009 yẹn bá dúró, á kù ọdún díẹ̀ kó tó pé ní 2034, àwa náà á sì ti máa sanwó bí a ṣe ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹnì mélòó nínú wa ló ka àdéhùn yẹn? Ẹnì mélòó ló mọ iye tí wọ́n lè gbà, tàbí ẹni tó lè fi kún un?

Ẹ má sì sọ pé mi ò ní mọ́tò, kò kàn mí. Ìlànà 2021 sọ pé ₦200 ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ máa san, kí bọ́ọ̀sì akérò san ₦150, kí ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá má san. Ká ní èrò 14 ló wà nínú bọ́ọ̀sì. ₦150 tí a pín sí 14 kò pé ₦11 fún ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ẹ mọ kọ́ńdọ́ wo ló máa fi ₦11 kún owó ọkọ̀? ₦50 ló máa kéré jù, bóyá ₦100, torí kò sí ṣéńjì. Nítorí náà, ₦150 ni wọ́n gbà ní géètì, ṣùgbọ́n ₦700 tàbí ₦1,400 ló jáde lápò àwa tí a jókòó sínú bọ́ọ̀sì. Owó géètì máa ń ga sí i kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́yìn.

Ohun tí a máa béèrè

Èmi ò sọ pé kí a má sanwó ọ̀nà. Ọ̀nà kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Bí a kò bá san án ní géètì, a máa san án nínú owó orí, tàbí kí a san án fún mẹkáníìkì nígbà tí kòtò bá já ẹsẹ̀ ọkọ̀ wa. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ gbé géètì sí ojú ọ̀nà wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè díẹ̀ ní gbangba, kí a lè rí ìdáhùn náà lórí fóònù wa.

Òfin wo ni ẹ fi ń gbà á, ta ló sì ṣe é? Ọjọ́ wo ló máa parí? Ẹni tó bá sọ fún yín pé kò tíì mọ ọjọ́, "títí láé" ló ń sọ yẹn. Ta ló lè fi kún iye rẹ̀, kí sì ni onítọ̀hún gbọ́dọ̀ fi hàn kó tó fi kún un? Bí mi ò bá lówó, ọ̀nà wo ni mo lè gbà tí mi ò ní sanwó, ṣé ọ̀nà yẹn sì ṣeé gbà? Ẹni tó ń lọ láti Lẹ́kkí sí Ìkòyí lè yí gba Fálọ́mọ. Ẹni tó wà ní Eynsham, òfin ló sọ pé kò gbọdọ̀ sí afárá mìíràn nítòsí. Báwo ni tiwa ṣe máa rí ní Kárà? Àti paríparí rẹ̀, ìwé owó tó ń wọlé dà? Nígbà tí wọ́n ta Swinford, gbogbo ayé mọ iye tó ń pa lọ́dún. Bí àwa náà bá mọ iye tí géètì kan ń pa, a lè sọ ọjọ́ tó yẹ kó parí.

Ìlú wa ń jẹ́ Òfin. Kò burú bí a bá jẹ́ ẹni tó ń béèrè òfin.

Bí ẹ bá ní bàbá tàbí ìyá àgbà tó rántí iye tí wọ́n ń san ní tóòlù géètì kí wọ́n tó wó o, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ iye rẹ̀, ọdún tó jẹ́, àti bí ìlà ọkọ̀ ṣe gùn tó. A máa kó wọn jọ sínú ètò kan láìpẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ń gba Kárà lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ rọra o.